Alàgbà Mélòó-ni-Wáàtì-ẹ̀

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Tiwa ń gbé ní Ìpájà. Lójú rẹ̀, Bàbá Wálé là ń pè é. Tó bá ti kẹ́yìn sí wa, ó di Alàgbà Mélòó-ni-Wáàtì-ẹ̀. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, kò tòṣì, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló fẹ́ rà. Láti ìgbà tí Wálé ti ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ti fẹ́ rà á. Wálé ti wọ yunifásítì báyìí.

Tí ẹ bá dé ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, ẹ ó dá a mọ̀. Àwọn tó kù á dúró síwájú ẹ̀rọ, wọ́n á ṣílẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á ní àwọ̀ rẹ̀ dáa. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni tirẹ̀. Á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, á lóṣòó sáàárín ẹ̀rọ àti ògiri, á tan iná fóònù, á máa fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lára ìwé pélébé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ìdí rẹ̀ nìkan ni ọlọ́jà ń rí.

"Ọ̀gá mi, ẹ bọ́ síta jàre. Iwájú la ti ń rajà."

"Ọ̀rẹ́, fara balẹ̀. Ẹ̀yìn ló ti ń sọ òótọ́. 120 fólítì ni wọ́n kọ síbí. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà lo fẹ́ tà fún mi. 230 ni iná tiwa. Tó bá jóná mọ́ mi lọ́wọ́, ṣé ìwọ lo máa wá gbá eérú ẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ ó kàn ra tiransifọ́mà sí i ni."

"Tiransifọ́mà náà ń jẹ iná. Mélòó ni wáàtì ẹ̀?"

Ọlọ́jà náà, ọmọ Ìgbò tó gbọ́ Yorùbá débi tó lè fi ṣépè, kàn mí kanlẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè iye owó, oníbàárà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè wáàtì, àga ló máa bèèrè tẹ̀ lé e. Àfi bí alàgbà ṣe jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó gbọn eruku nù, ó ní ṣé wọn ò ní àga.

Bó ṣe jókòó ló yọ jótà. Jótà yìí yẹ lóhun tí èèyàn ń fojú rí. Bírò pupa ló fi kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó jẹ̀bi, ó fi búlúù kọ àwọn tí ìgbẹ́jọ́ wọn ṣì ń lọ lọ́wọ́. Pẹ́ńsù ló fi kọ iye owó, torí pé dọ́là kì í jẹ́ kó dúró sójú kan. Ó ti fi rọ́bà pa á rẹ́ títí ìwé fi lu.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán o. Ohun tó wà nínú jótà yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, tí mo bá sì fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́la, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yà sí. Òun ló là á yé wa pé yíyí tí ẹ̀rọ ń yí aṣọ kọ́ ló ń jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná ni. Irin tó ń se omi nínú èyí tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú lè tó 2,000 wáàtì. Ẹ fi omi tó gbóná dé ìwọ̀n 60 fọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ yúníìtì kan gbáko. Ẹ yí i sí omi tútù, kì í sábà tó ìdá mẹ́ta ìyẹn. Twin tub ńkọ́, oníhò méjì tí à ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi sí? Kò ní irin ìsomi rárá. Nǹkan bí 350 wáàtì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ tí wọ́n bá ń fọṣọ.

Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, sọ owó yúníìtì àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pọ̀ jù, di náírà 225 láti náírà 68 lóṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo àdúgbò ń ṣépè. Bàbá Wálé ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ tirẹ̀ ló dé. Ó gbé jótà kiri ojúlé: ẹ fi twin tub fọṣọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò tó náírà 40, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ńlá, náírà 225 ti lọ.

Kí ló wá dé tí kò rà á? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ń bí ìbéèrè fún un. Onílẹ̀kùn iwájú kì í lo omi púpọ̀, ó dáa. Àmọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi ló gbọ́dọ̀ so mọ́, omi ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ lágbára. Kó lè lágbára, táǹkì gbọ́dọ̀ ga. Tí táǹkì bá ga, ẹ̀rọ tó ń fa omi gòkè ńkọ́? Mélòó ni wáàtì ẹ̀?

Ó kù díẹ̀ kó rà á nígbà kan. Ó ti pinnu pé èyí tí wọ́n kọ A+++ sí lára, ìyẹn àmì pé kì í jẹ iná púpọ̀, nìkan lòun máa rà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London sì ti bá a wo ọ̀kan sílẹ̀. Bó ṣe di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn òyìnbó Yúróòpù yọ gbogbo àmì àròpọ̀ yẹn kúrò, tàwọn Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ̀ lé e: ó di A títí dé G. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń jẹ́ A+++ lánàá bá ara wọn ní C àti D. Bàbá Wálé ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

"Ṣé ẹ̀rọ ọ̀hún ti bàjẹ́ ni?" Ìyàwó rẹ̀ ló bi í.

"Rárá. Lẹ́tà ẹ̀ ló yí padà."

"Ṣé ó ṣì ń fọṣọ?"

"Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀, Ìyá Wálé."

Ó ra jótà tuntun.

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àràárọ̀ Sátidé ni Ìyá Wálé ń gbé ọpọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, á jókòó sórí àpótí, á máa fọ òógùn kúrò lára agbádá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkọ jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ìyàwó gbójú sókè.

"Bàbá Wálé, ẹ má bínú. Èmi alára, mélòó ni wáàtì mi?"

Kò tilẹ̀ rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Ó yọ pákò lẹ́nu, ó ronú sí i.

"Ìwọ ò jẹ iná. Òdo ni. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ nìyẹn."

Ìyá Wálé fún bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń fún ẹnì kan lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì tó ń ta gààrí lọ́ọ̀kán ilé wọn kò ní jótà. Ó lọ bá alàgbà láàárọ̀ pé èwo lòun lè rà tí kò ní pa òun lówó. Alàgbà ní twin tub ni, kó má sì da àdìrẹ mọ́ aṣọ funfun. Ó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ti wọlé. Látìgbà náà ni Ìyá Wálé ti ń ru aṣọ tó bá wúwo lọ síbẹ̀, òun pẹ̀lú ọṣẹ rẹ̀, alàgbà á sì tẹ̀ lé e, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa bójú tó o: "Ẹ dì í kún o, ààbọ̀ ẹrù ò dín iná kù tó bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé ṣé kò wá tó àsìkò kóun náà ra tirẹ̀. Ó wò mí tìyanu tìyanu.

"Kí n ra kí ni? Mo ti rí èyí tí kì í jẹ nǹkan kan lórí mítà mi." Ó ṣí jótà, ó fi bírò búlúù kọ òdo, ó fa ìlà méjì sí i nídìí.

Ìyá Ìbejì ń pariwo látinú ilé pé yúníìtì òun ti ń tán lọ. Alàgbà ní kó má mikàn, kó ṣáà yí ẹ̀rọ sí omi tútù.

"Bàbá Wálé," ni Ìyá Ìbejì wí, "ẹ̀yin lẹ ní èyí tí kì í se omi ni kí n rà."