Àgádágodo Mẹ́ta, Jẹnẹrétọ̀ Kan

Ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ọjà Odò-Òrí, ní ìlú Ìwó, jẹnẹrétọ̀ kan wà nínú àgò irin. Wẹ́dà ló jó àgò náà pọ̀, ṣéènì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àgádágodo mẹ́ta ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó rò pé wúrà ni wọ́n kó síbẹ̀. “I better pass my neighbour” ni o, sáílẹ́ńsà rẹ̀ sì ti lu débi pé aláǹgbá ń gba ibẹ̀ wọlé. Olè tó bá jí i, ara rẹ̀ ló fìyà jẹ.

Ẹ̀yin baálé ilé Ìwó, ẹ má wẹ̀yìn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ilé odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe ìlú wa, a sì mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ lóòótọ́, ká tọ́jú irin ni ò yé wa. Ẹ̀ ń ṣọ́ olè tó ń fẹsẹ̀ rìn lóru, ìpáàrà ń jẹun níwájú yín lọ́sàn-án gangan. Ìpáàrà kì í jalẹ̀kùn. Ibi tí ọ̀dà ti bó bíńtín ló ń wá, omi díẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀, ó ti ríṣẹ́ ṣe. Irin tó bá jẹ, ńṣe ló ń wú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀tì fi ń há, tí mẹkáníìkì á fi mú òòlù, tí ẹ̀yin náà á máa kígbe pé, “Rọra o!”

Àwáwí yín ti wà lẹ́nu: epo wọ́n. Mo gbà. Kó tó di ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà pẹtiróòlù kan ò tó 200 náírà nílé epo ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ó ti ré kọjá 1,000. Bí jẹnẹrétọ̀ ṣe fẹ̀yìn tì láìgba owó ìfẹ̀yìntì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé Tinubu ló ní kí ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀? Ṣé òun ló ní kí adìẹ máa sùn lórí táńkì? Ìgbẹ́ adìẹ kì í ṣe ìpara. Tó bá ti rin, ìpáàrà ló ń ràn lọ́wọ́.

Àwọn tó gbọ́n jù ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n á fi ọ̀rá dì í pinpin, wọ́n á ní òjò ò lè rí i mọ́. Òjò ò rí i lóòótọ́, àmọ́ irin ń làágùn nínú ọ̀rá, òógùn ò ríbi gbà jáde. Bíríkì méjì lábẹ́, tapólíìnì lórí nìkan, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, ó tán.

Ẹlòmíràn á ní tòun kì í jókòó lásán, òun máa ń tan án fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí fóònù lè mu iná díẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Lítà pẹtiróòlù kan tó bá jó, omi tó ń mú wá sún mọ́ lítà kan. Omi ni mo wí! Bí sáílẹ́ńsà bá gbóná dáadáa, omi náà á bá èéfín jáde. Bí ẹ bá pa á kó tó gbóná, omi á sùn síbẹ̀, á máa jẹ ẹ́ látinú, ẹ̀yin á wá máa bú àwọn ará Ṣáínà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á lẹ máa rí iṣẹ́ ọnà. Wọ́n á ra ọ̀dà, wọ́n á kùn ún lé ìpáàrà lórí bí ẹni fi pańkéèkì bo làpálàpá. Oníbàárà á gbé e délé, kí oṣù tó lé, ọ̀dà ti wú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fi sáńdípépà fá a títí irin á fi funfun, ẹ kun rẹ́dì ọ́ksáídì, kí ọ̀dà tó tẹ̀ lé e. Ọsàn wẹ́wẹ́ lè bọ́ ìpáàrà ara nọ́ọ̀tì kéékèèké, ṣùgbọ́n ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì ra á lójú ẹsẹ̀.

Inú táńkì gan-an ni ìtìjú wà. Táńkì tí epo rẹ̀ ò kún, omi inú atẹ́gùn ibẹ̀ ń di ìrì lóru. Ìpáàrà á hó sílẹ̀, á lọ dí kábúrétọ̀, ẹ̀yin á máa fa okùn títí apá á fi yẹ̀. Mẹkáníìkì á wá da òkúta wẹ́wẹ́ sí táńkì, á máa mì í, ẹ̀yin náà á máa mirí, owó ń lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ gbọ́n epo rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ síbẹ̀, ẹ rọra fa okùn kó lè kárí.

Àwọn àgbà ò lọ iléèwé mẹkáníìkì, síbẹ̀ epo pupa tí wọ́n ń rọ sórí irin Ògún, bó ṣe jẹ́ oúnjẹ òrìṣà ló ń lé omi sẹ́yìn. Ìṣó irin tó lé ní 100 ni wọ́n kàn mọ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, òjò àìmọye ọdún ti pa á, ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tiyín rí òjò ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti já.

Àwọn tó ti gbé sólà sórí òrùlé ń fi wá rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ kú oríire, Alájì. Férémù páńẹ́ẹ̀lì ò ní dógùn-ún, alumíníọ̀mù ni. Irin tí wẹ́dà jó sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́, èyí tí ẹ ní kó má wulẹ̀ kùn torí pé “òkè ló wà, ta ló máa rí i?” Omi pupa rẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀ lára ògiri funfun yín láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì ti sọ ilé yín lórúkọ: Ilé Ajobì.