Mo Kàn Ń Wò Ó Ni

Òjò ló lé mi wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, òjò ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ olówó gọbọi yẹn ní Victoria Island, tí mò ń dọ́gbọ́n yọjú wo inú gíláàsì rẹ̀, kí òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá mi wá àwáwí.

Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó tún padà wo bàtà. Ó jọ pé àwọn méjèèjì ò bára wọn mu lójú rẹ̀. Ó ṣáà ṣílẹ̀kùn. Bí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ṣe gbá mi lójú, mo ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi: “Ẹ kú ọjà o! Ajé á wọ igbá!”

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Àwọn òǹtajà mẹ́ta wo ara wọn. Bóyá torí pé kò sí igbá níbẹ̀.

Èmi ò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí, ọjà tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀wù mẹ́fà péré ló so kọ́ sára ògiri tó gùn ju pálọ̀ mi lọ. Ní ọjà Kàtàngùwá, ibi tí ẹ̀wù mẹ́fà yẹn gbà, bélì okirika mẹ́wàá á gbà á, àyè á tún kù fún ìyá oníréṣì. Àǹtí kan rọra sún mọ́ mi, ó fi òyìnbó tó ń gba imú jáde bi mí pé kí ni mo ń wá.

“Mo kàn ń wò ó ni.”

Ní ọjà Bàlógùn, ọ̀rọ̀ yìí ò ní wàhálà. Ìyá ọlọ́jà á ní wíwò ò gbowó, á fà yín lápá, á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án. Àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé láàárọ̀ kùtù, ìyẹn á ní kẹ́ ẹ má ba ọjà òun jẹ́. Àǹtí yìí ò fà mí lápá, kò sì lé mi. Ó kàn ń tẹ̀ lé mi ni, ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bí mo bá dúró, á dúró. Bí mo bá wo ẹ̀wù, á wo ọwọ́ mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n gbé e sórí gíláàsì, wọ́n tan iná sí i lórí: ilà pupa, ilà búlúù, lórí funfun. Báàgì Ghana-must-go! Ẹ̀dá èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nílé, tí aṣọ àwọn ọmọ tí kò gba wọ́n mọ́ wà nínú ẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Awọ ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Síìpù rẹ̀ ń kọ mànà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán igun rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí eyín èkúté. Tiwa nílé, ọjọ́ tá a rà á ni síìpù ti ya, okùn la fi dì í. Iye owó rẹ̀ wà lórí káàdì kékeré kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Mo ṣí i: 3,500,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, ìyẹn 70,000 náírà, á rà á láàárín ọdún 4 àti oṣù 2, bí kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò sì wọkọ̀.

Ẹ rántí bí báàgì yìí ṣe jórúkọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, inú báàgì yẹn ni wọ́n sì kó ayé wọn sí. Ẹ má sì rò pé àwa la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní ìparí ọdún 1969, Gánà ti Kofi Busia ti lé àwọn tiwa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti di onílé àti ọlọ́jà lọ́hùn-ún ru ẹrù bọ̀ wálé. Ìlú méjèèjì ti parí ìjà tipẹ́. Báàgì nìkan ló jèrè.

Ní 2007, Louis Vuitton gbé irú ẹ̀ jáde, ó lẹ orúkọ ara ẹ̀ mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ti ń ya àmì sára ẹrù ẹ̀ láti 1896, kí àwọn oníjìbìtì má baà ṣe ayédèrú ẹ̀. Ta ló wá ń ṣe ayédèrú ta báyìí? Ní 2017, Balenciaga ta báàgì búlúù kan ní 2,145 dọ́là, òun àti báàgì ìkọ́jà tí IKEA ń tà ní 99 sẹ́ǹtì nígbà náà jọra bí ìbejì. Ní 2022, Balenciaga yìí kan náà ta àpò ìdalẹ̀nù ní 1,790 dọ́là. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àpò ìdalẹ̀nù. Ká ní Èkó ni, àwọn LAWMA tó ń kó ìdọ̀tí á ti gbé e lọ kí olówó ẹ̀ tó jí.

“Àǹtí, èló lẹ máa gbà gbẹ̀yìn?”

Ẹnu mi ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Ó ní iye tó wà lára ẹ̀ náà ni. Ẹnu yìí kan náà tún ní, “Ẹ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún.” Ìyáàfin kan tó wọ awò dúdú nínú ilé húkọ́. Òun ò bèèrè iye nǹkan kan. Ó na káàdì sí wọn, ó gba àpò méjì, ó jáde. Kò tiẹ̀ wo inú wọn.

Òjò dá, mo jáde. Ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà ṣílẹ̀kùn fún mi, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá, mo rí i pé báàgì yẹn wù yín. Ìyàwó mi ń tà á ní Òkè-Àríín. Èyí tó tóbi ju tibí lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.”

“Ẹgbẹ̀rún méjì.”

“Háà, bàbá! Ẹ fi bá ọmọ yín ṣe é. Mẹ́ta ààbọ̀.”

“Síìpù ẹ̀ ńkọ́?”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó fà mí lápá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọjà bẹ̀rẹ̀.