Ìlànà Dídá Èéfín Padà Di Epo, fún Ọlọ́gbọ́n Àṣejù

Epo bẹntiróòlù ti wọ́n jù láti máa jó o lẹ́ẹ̀kan péré. Kọjá Mile 12 lọ́nà Ìkòròdú, bọ́ sílẹ̀ ní Owódé Onírin, kí o ná ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tòkunbọ̀ kan. Má sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rín ò ní jẹ́ kí ọlọ́jà dá iye lé e.

Tí o bá délé, máa yí i sẹ́yìn. Ti èéfín bọ ẹnu ọ̀pá tó ti jáde, kí o sì gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu táǹkì. Ẹni tó bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, sọ fún un pé òfin Newton ò lòdì sí i: ìṣirò rẹ̀ ò mọ̀yàtọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ẹjọ́ tí Loschmidt, onímọ̀ físíìsì, bá Boltzmann ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò ní 1876 nìyẹn: tí gbogbo mólékù bá yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni ò ní jẹ́ kí wọ́n tọ ipasẹ̀ ara wọn padà? Boltzmann ní kò sí ohun tó dè wọ́n. Ọ̀nà à ń fọ́n ká ló fi ìlọ́po àìníye ju ọ̀nà à ń kóra jọ lọ. Nítorí náà, fa àga, kí o jókòó dè é.

Tí ara rẹ ò bá gba ìdúró, ọ̀nà Carnot ará Faransé wà níbẹ̀ láti 1824. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ṣeé dá padà láìsí àdánù. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tiwa kì í sábà sọ ju 30% ooru epo di iṣẹ́. Ìyókù, àdúgbò ló ń gbóná fún. Ti Carnot dáa jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rọra yí débi pé kò ní yí ẹ̀ẹ̀kan tán láéláé. Fáànù ò ní fẹ́, epo ò sì ní ṣòfò. Lọ ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá tó ń ta ọtí tútù.

Ibẹ̀ gan-an ló ti há àwọn onímọ̀ físíìsì lọ́wọ́: ẹ́ńjìnnì tí ìṣirò wọn gún régé fún ò ṣiṣẹ́ kankan, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ń kánjú, ó ń rú èéfín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí òfin ooru rí sọ nípa èyí tó ń kánjú ò ju “àdánù ò lè dín sí báyìí” lọ. Ọdún 1997 ni onímọ̀ físíìsì Jarzynski rí ìṣirò tó dọ́gba fún iṣẹ́ ìkánjú. Wọ́n dán an wò ní 2002, wọ́n fa mólékù RNA kan ṣoṣo. Nírú ibi kékeré bẹ́ẹ̀, ooru máa ń ṣèrànwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà mìíràn.

Ó ku ìgbésẹ̀ kan. Mú áyùn, máa rẹ́ ẹ́ńjìnnì náà títí yóò fi kéré tó mólékù. Má pe aládùúgbò wá wò ó. Kò ní rí i.