Ìwo Ẹfọ̀n Lórí Ìjàpá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ẹfọ̀n, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ẹni tí a kì í wá tì níbi tí wọ́n bá ti ń pín nǹkan.

Ní ayé àtijọ́, igbó kan wà tí ilé ńlá mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ilé Abìwo wà ní ìwọ̀-oòrùn: Ẹfọ̀n, Àgbọ̀nrín, Ẹtu, Àgbò, Òbúkọ. Ilé Abìyẹ́ wà ní ìlà-oòrùn, Àkùkọ ni olórí wọn. Ilé Abèékánná wà lókè, níbi tí pápá ti tẹ́ lọ rẹrẹ, Kìnnìún ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Àwọn yòókù, Òkété, Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹgbẹ́ wọn, wà káàkiri àárín. Bí ìbò bá kù dẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń rántí orúkọ wọn.

Ti Ìgbín ló pani lẹ́rìn-ín jù. Bí ìbò bá ń bọ̀, àwọn Abìwo á ní, “Ọmọ ìyá wa ni. Ẹ ò rí ìwo lórí rẹ̀ ni?” Bí ó bá wá di ọjọ́ tí wọ́n ń pín iṣu, wọ́n á ní, “Ìwo wo? Ẹran ara lásán ni kinní yẹn.” Ìgbín gbọ́n ní tirẹ̀. Bó bá ti gbúròó ìlù ìbò, á fa ìwo wọlé, á ti ilẹ̀kùn.

Kí Ẹfọ̀n tó dé, olówó nìkan ló ń mu omi tó mọ́ nílé Abìwo. Ẹfọ̀n ní kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní òun yóò gbẹ́ kànga tí ọmọ tálákà àti ọmọ ọlọ́rọ̀ yóò jọ máa pọn láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù kọ́kọ́ mú iṣu wá tí wọn yóò fi bọ́ àwọn agbẹ́kànga. Há! Àwọn Abìwo bú u. Wọ́n ní ta ló rán an níṣẹ́? Ní ọdún tí wọ́n ń kó iṣu yẹn, púpọ̀ nínú wọn dìbò fún Àkùkọ, Àkùkọ sì wọlé láàárín wọn.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ ti ń mi orí. Kì í ṣe Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mò ń sọ. Awólọ́wọ̀ kò ní ìwo; fìlà àti awò ojú ló ní. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹ ti fi ọkàn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí a kì í sábà sọ fún ọmọ. Ní 1954, nígbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ti Awólọ́wọ̀, ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹgbẹ́ Alákùkọ, NCNC tí Azikiwe jẹ́ olórí rẹ̀, ló borí wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, àwọn ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, Adélabú wà n'Íbàdàn tó ń bá Àkùkọ kọ, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1958, kò sì sẹ́ni tó ní kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá wí fún yín pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ń da ìbò sínú igbá kan ṣoṣo, ẹ bá a wá omi tútù mu.

Àlọ́ ni mò ń pa o.

Kànga dé, omi mọ́, àwọn ọmọ Abìwo mu, ojú wọn là. Ẹfọ̀n wá ń wo àga ńlá tó wà láàárín igbó, èyí tí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni. Ó fi àpótí ilé sílẹ̀ fún Àgbò, ó lọ wá àga ńlá. Kò rí àga ńlá jókòó lé, Àgbò kò sì fẹ́ kó máa pàṣẹ fún òun láti ìta mọ́. Ni àwọn méjèèjì bá kan ara wọn. Ilé Abìwo pín sí méjì, wọ́n ń dáná sun pápá ara wọn, Kìnnìún ń wò wọ́n láti òkè, ó ń fi ahọ́n pọ́n ẹnu lá. Wọ́n mú Ẹfọ̀n, wọ́n ní ó fẹ́ fi ipá gba àga, wọ́n sì so ó mọ́gi lọ́nà jíjìn.

(Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962 ni àga ń fò nínú ilé aṣòfin Ìbàdàn. Ní 1963 ni wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Kàlàbá ló wà tí Gowon fi tú u sílẹ̀ ní 1966. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.)

Ibi tí wọ́n so Ẹfọ̀n mọ́ yẹn ni ìwo rẹ̀ ti di òrìṣà. Àwọn tó bú u nítorí iṣu wá ń sunkún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa tú u sílẹ̀, Abìwo tó bá tako Ẹfọ̀n kì í ṣe alátakò mọ́. Wọ́n á ní ìwo orí rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, wọ́n á ní kí wọ́n lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè.

Kò pẹ́ ni ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Abìyẹ́ ní àwọn fẹ́ kúrò nínú igbó, àwọn yòókù ní wọn kò gbọdọ̀ lọ. Ẹfọ̀n ló ń di kọ́kọ́rọ́ àká mú nígbà náà. Wọ́n dí odò tó ń ṣàn lọ sílé Abìyẹ́, Ẹfọ̀n sì wà lára àwọn tó ní kí wọ́n dí i. Ebi pa àwọn òròmọ. Nígbà tí ìjà parí, Abìyẹ́ tó ti kó ẹgbẹ̀rún ṣírí ọkà pamọ́ sínú àká àpapọ̀ gba ogún ṣírí. Èyí tó kó igba pamọ́ náà gba ogún. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ogún pọ́n-ùn lọ́wọ́ àgbàlagbà Ìgbò kan, kí ẹ sì gbọ́ bí yóò ṣe dárúkọ ẹni tó jẹ́ kọmíṣọ́nà ìṣúná nígbà ogun Biafra. Nílé Abìwo, wọ́n ń kọrin kànga. Nílé Abìyẹ́, wọ́n ń sọ ìtàn odò tí wọ́n dí. Ẹfọ̀n kan náà ni. Mo mu nínú omi kànga yẹn, mi ò sì rí ìdí tí n ó fi sọ pé ẹnikẹ́ni kò dí odò.

Ẹfọ̀n tún jáde dupò àga ńlá. Ó gbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ mú Àdàbà láti ilé Abìyẹ́ pé kó ṣe igbákejì òun. Wọ́n dìbò. Òru ni wọ́n ń dìbò nínú igbó yẹn, ẹni tó fẹ́ sọ òkúta sínú igbá á fọwọ́ ra orí olùdíje kó tó sọ ọ́. Àwọn Abìwo ra ìwo, wọ́n ju òkúta. Àwọn Abìyẹ́ ra ogbe, wọ́n ju òkúta. Àdàbà ké títí, àwọn ará ilé rẹ̀ kò dá a lóhùn.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró: ní 1979, Awólọ́wọ̀ gba ìbò 94 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó gba 92 ní Ògùn. Philip Umeadi, ọmọ Ìgbò, ni igbákejì rẹ̀, síbẹ̀ ìbò tí wọ́n rí ní Anambra àti Imo kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Azikiwe ló kó èyí tó lé ní 80 níbẹ̀. Aminu Kano kó 76 ní Kano tirẹ̀. Shagari ni wọ́n sọ pé ó wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún sí ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n sì rí i pé ìdá méjì rẹ̀ jẹ́ méjìlá àti àjẹkù kan. Akínjídé, ọmọ Ìbàdàn, ló bá wọn ro ẹjọ́ àjẹkù náà. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí wọ́n sọ nípa ìwo tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú àlọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìbò náà, ìpàdé wáyé nílé Abìwo. Òbúkọ dìde, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ rí ohun tí àwọn Abìyẹ́ ṣe? Ẹyẹ ni gbogbo wọ́n dìbò fún! Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n!”

Ẹtu, ọmọdé aríran, nawọ́. “Bàbá, ta ni àwa dìbò fún?”

“Ẹfọ̀n ni.”

“Kí ló wà lórí Ẹfọ̀n?”

“Jókòó. Tiwa kì í ṣe ẹ̀yà. Tiwa, ìfẹ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Àwòdì ń sọ nílé Abìyẹ́ lásìkò náà. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ẹkùn ń sọ lókè.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Ẹfọ̀n kú. Igbó mì tìtì, àwọn tó bá a jà gan-an wá sunkún sórí òkú. Ní òru ọjọ́ kẹta, Yánníbo gbúròó ayùn nínú yàrá. Ó tan fìtílà, ó bá Ìjàpá tó gbé ìwo Ẹfọ̀n kan lé itan, tó ń gé ìdí rẹ̀ kó lè bá orí òun mu.

“Baálé mi, kí lẹ fẹ́ fi ìwo òkú ṣe?”

“N ó fi jọba ni.”

“Ẹ̀yin tí irun kò sí lórí yín, ìwo lẹ wá fẹ́ gbé síbẹ̀? Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ó ṣe fún wọn ńkọ́?”

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ìkarahun rẹ̀ fi ń lu ògiri. “Yánníbo, wọn ò bi ẹnikẹ́ni rí.”

Ó fi àtè lẹ ìwo mọ́ orí, ó gba ojúde àwọn Abìwo lọ, ó ń kọrin:

Ẹ bá mi wo orí mi o,
*Ó hù gàǹgà, ìwo!*
Ẹ má wo ìkarahun ẹ̀yìn mi,
*Ó hù gàǹgà, ìwo!*
Ẹ má bi mí níṣẹ́ ọwọ́ mi,
*Ó hù gàǹgà, ìwo!*
Ọmọ Ẹfọ̀n dé, ẹ súnná mọ́lé,
*Ó hù gàǹgà, ìwo!*
Bí ẹ ò bá mú mi, Àkùkọ á gba ilé yín,
*Ó hù gàǹgà, ìwo!*

Òkété náà jáde dupò. Ẹ mọ Òkété: kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ gbẹ́ tó o nínú igbó. Ó ní kànga Ẹfọ̀n ti ń lọ sílẹ̀, ọmọ ti pọ̀ ju omi lọ, òun yóò gbẹ́ méjì sí i. Ó tilẹ̀ ti gbẹ́ ọ̀kan dé ìdajì kó tó wá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fọwọ́ ra orí rẹ̀ lóru. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ìjàpá wọlé. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi ṣọgbà yí kànga ká, ó gbé àwọn àna rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ pọn omi máa san iṣu. Àwọn ọmọ tirẹ̀ kì í pọn níbẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń mu omi. Ẹnikẹ́ni tó bá ráhùn, Ìjàpá á tọ́ka sí ìwo: “Ṣé Ẹfọ̀n lẹ̀ ń bú?” Ẹnu á pa mọ́.

Nígbà tó yá, omi tán pátápátá. Wọ́n kóra jọ sẹ́nu kànga nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ahọ́n wọn gbẹ bí awọ. Ìjàpá ní, “Ẹ̀yin ará ilé mi, àwọn Abìyẹ́ ló mu omi yín tán.”

Ẹtu tún nawọ́. “Bàbá, ẹyẹ tó ń fi ṣóńṣó ẹnu tọ́ omi wò, ṣé òun ló gbẹ kànga?”

“Ẹ bá mi bi ọmọ yìí,” Òbúkọ pariwo, “níbo ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀?”

Ibi tí wọ́n ti ń bi í ni àtè ti yọ́. Ìwo yẹ̀, ó yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀ gbàgà. Orí Ìjàpá ń dán nínú oòrùn. Kò sẹ́ni tó mí. Ìjàpá gan-an ti ń wá ibi tí yóò sá gbà.

Òbúkọ bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwo nílẹ̀. “Ìwo ta ni èyí?”

“Ìwo Ẹfọ̀n!”

“Ṣé kí ìwo Ẹfọ̀n wá wà nílẹ̀, kí àwọn Abìyẹ́ máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Rárá o!”

Wọ́n rán ọmọdé lọ wá àtè tuntun. Ìjàpá na ọrùn jáde kí wọ́n lè rí orí òun lẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ń gbe orin fún un bí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́, tàwọn ti òùngbẹ ọ̀fun wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti ilé kejì fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Lọ́jọ́ yẹn, Àdán ló wà lórí àpótí àwọn Abìyẹ́, ó dé ogbe Àkùkọ. Ológbò ló wà lókè, ó wọ gọ̀gọ̀ Kìnnìún. Omi kò sí lọ́dọ̀ wọn náà.

Òkété ti kó ẹrù rẹ̀. Ìlú kan lẹ́yìn odò ló wà báyìí, kànga kẹta ló ń gbẹ́ fún wọn.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn oníwo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé wa. Ẹni tó bá jókòó lórí àga yín tó ní ọmọ Ẹfọ̀n lòun, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì ní kó gbé ọkọ́ tó fi gbẹ́ kànga wá kí ẹ wò ó. Bí kò bá rí i gbé, ẹ má dìbò fún un, ì báà jẹ́ pé orí rẹ̀ gan-an ni ìwo náà ti hù.