Ẹ Bá Mi Bẹ Òrùlé Yìí

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ilé tí òrùlé rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ sórí ògiri, ẹ máa dúpẹ́. Èmi tí mo ń ya pláànù ilé jẹun n'Íbàdàn ni kí ẹ bi léèrè ohun tí ojú ń rí kí òrùlé tó gbà jókòó. Nínú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí o, mi ò tíì dé sáìtì.

Ìlà la máa ń fà nígbà kan. Pépà, rúlà gígùn, bírò Rotring, àti réésà tí a fi ń ha ìlà tó bá wọ́. Kódà AutoCAD tó jáde lọ́dún 1982, nígbà tó dé ọwọ́ tiwa, ìlà náà la ṣì ń fi í fà. Tí mo bá ní òrùlé nìyí, òrùlé náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Àfìgbà tí wọ́n ní ìyẹn ò tó mọ́, pé odindi ilé ni ká máa kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ògiri tó nípọn, dẹ́kìn tó nípọn àti pánù tó dà gẹ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gbọ́n tó báyìí kò mọ ohun tí ọmọ tó ń po sìmẹ́ńtì mọ̀, pé ibi tí òrùlé bá dé ni ògiri ń dúró. Mo gbé òrùlé lé ilé, ògiri gba inú pánù yọrí, ó ń wo ojú ọ̀run. Àfi kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n pàṣẹ fún wọn kí wọ́n padà sábẹ́ òrùlé. Ti ẹ̀yìn ilé ìdáná á tún lóun ò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àlàájà kan fún yín. Ilẹ̀ wọn wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àrẹ̀mọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fẹ́, alápá méjì. Apá kan fẹ̀ ní mítà 9, èkejì mítà 6. Tí pánù méjèèjì bá dà ní dígírì 30, òrùlé apá ńlá á ga ní mítà 2.6, ti kékeré ò ní ju mítà 1.7 lọ. Ìṣirò ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Àlàájà wò ó lórí fóònù.

"Kí ló dé tí ọ̀kan fi ga ju ọ̀kan lọ? Ṣé orogún ni wọ́n ni?"

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Bí ilé bá ṣe fẹ̀ sí ni òrùlé rẹ̀ ń ga sí."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ́gba jàre. Ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, tiyín ò ju kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ."

Kí n tẹ̀ ẹ́! Kí wọ́n tó lè dọ́gba, pánù apá kékeré gbọ́dọ̀ dà tó dígírì 41. Mo kọ 41 sí i. Ibi tí òrùlé méjèèjì ti pàdé, tí omi òjò máa bá lọ, ló bá lanu gbàgà, ìdajì òrùlé kékeré sì wọ yàrá lọ. Mo ní kí kọ̀ǹpútà so wọ́n pọ̀, ó kọ ọ́ síwájú mi pé kò ṣeé so. Bẹ́ẹ̀ káfíńtà tó máa kàn án gan-an kò ní ju okùn, ìṣó àti pẹ́ńsù ẹ̀yìn etí lọ. Mo bi í báwo ló ṣe máa ṣe ibẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi, tí mo bá ti gòkè màá rí i." Ṣé ohun tí mo fẹ́ kọ sínú pláànù nìyẹn?

Ti òrùlé tiẹ̀ ṣì sàn. Nínú kọ̀ǹpútà yìí, gbogbo nǹkan ló ní ìpele tó ń forí balẹ̀ fún, ti ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè. Ojú mi ń wo yàrá òkè, mo gbé àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, pálọ̀ ìsàlẹ̀ ló lọ gbé e sí, láàárín àwọn àga àlejò. Àlàájà tún ní àjà ìsàlẹ̀ ò ga tó, fáànù á gé àwọn lórí, kí n sún un sókè láti mìlímítà 3000 sí 3300. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí. Dẹ́kìn gbéra, ògiri ìsàlẹ̀ ò gbéra, atẹ́gùn wá ń fẹ́ gba àárín wọn. Àtẹ̀gùn tó ní ìgbésẹ̀ 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mìlímítà 150, yẹ kó di 22. Kò dáhùn, ẹni tó bá gùn ún dópin á fò kó tó dé yàrá. Òrùlé náà dúró síbi tó wà, ògiri òkè tún yọrí. Mi ò tíì dárúkọ iná tí wọ́n ń mú lọ o.

Ìgbà tí mo tò ó tán, Àlàájà ti rí ilé kan ní Bódìjà. Párápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ báyìí, èyí tí wọ́n ń mọ ògiri kọjá òrùlé yíká tí ojú ò fi ní rí pánù mọ́. Òrùlé ò lọ síbì kankan. Ó wà lẹ́yìn ògiri, ó dà gẹ̀rẹ́ bó ṣe ń dà, ó sì tún ń béèrè gọ́tà kọnkéré àti páìpù tí omi máa gbà jáde, tí wọ́n bá sì dí, inú ilé ni omi ń yà sí. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Àlàájà gbọ́ mi dópin, wọ́n fọwọ́ gbé ìborùn wọn.

"Ó dáa. Níwọ̀n ìgbà tí òrùlé ò ti hàn mọ́, ẹ yọ owó òrùlé kúrò nínú owó iṣẹ́ yín."