Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Tí Mo Fowó Ara Mi Ṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ní ká yọ̀ǹda ara wa fún iṣẹ́ míṣọ̀n ní òkè òkun. Èmi rìwáyà, atún-wáyà-ọkọ̀-ṣe ní Ring Road, Ìbàdàn, tí kò rìn kọjá Ṣàgámù rí, ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà. Àṣé Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ń pè ní òkè òkun. Odò kékeré ni mo rí lọ́nà, n kò rí òkun. Ìdìròkọ́ la gbà, a bọ́ sí Ìgólò, ó parí.

N kò bá Pọ́bẹ̀ jà. Ìwé owó ni mo ń bá jà. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni yóò san owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó ibi tí yóò sùn, owó abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti yẹ́lò káàdì rẹ̀. Tí-ṣáàtì tún wá, aláwọ̀ ọsàn, dandan ni. Mọ́mì akọ̀wé ìgbìmọ̀ míṣọ̀n ní kí n má bínú, ẹ̀bùn ìfẹ́ ni. Mo ní, "Mọ́mì, ta ló ń fún ta lẹ́bùn?" Wọ́n ní Olúwa á san án fún mi. Mo ṣe àmín, mo sì sanwó.

Ẹ wo àwọn míṣọ́nnárì àtijọ́. Ní 1853, nígbà tí Anna Hinderer bá ọkọ rẹ̀, David, dé Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ló rán wọn wá. Ìyà jẹ wọ́n lóòótọ́: ogun Ìjàyè dí ọ̀nà mọ́ wọn láti 1860, owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí pé ẹnikẹ́ni ní kí Anna ra tí-ṣáàtì.

Ìdájí la kó jọ ní Challenge. Èmi ni mo gbé àpò ìrẹsì, èmi ni mo gbé páálí awò ojú tí a fẹ́ pín, èmi náà ni mo fìdí lé àga tó kẹ́yìn, tí taya àrọ́pò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. A kọjá Papalantó, ọkọ̀ dákẹ́. Wáyà tó ti bátìrì wá ti jó. Gbogbo ọkọ̀ yíjú sẹ́yìn, wọ́n ń wò mí. Pásítọ̀ ní, "Brọ̀dá, Ọlọ́run mọ ìdí tó fi fi yín sínú ọkọ̀ yìí." Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tí-ṣáàtì ọsàn tí mo fowó mi rà. Bẹ́ẹ̀ ni mo san owó ọkọ̀ tán, tí mo tún tún ọkọ̀ ṣe.

Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Físà nìkan ni wọ́n sọ. Wọn kò sọ nípa àwọn aṣọ́bodè tó ń nawọ́ sójú fèrèsé ọkọ̀ wa nígbà tí a dé ààlà. Ọ̀kan ní ká fún òun ní oògùn orí fífọ́, èkejì ní awò ojú ni òun fẹ́, ẹni kẹta béèrè Bíbélì. A fún un. Ó ní kí ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó dùn mí jù ni ògbufọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Agbowó tó gbọ́ Faransé, òun nìkan ni wọ́n san owó ọkọ̀ fún, wọ́n tún fún un lówó iṣẹ́. A dé Pọ́bẹ̀, ó fa tí-ṣáàtì rẹ̀ gún dáadáa, ó kí màmá àgbà kan: "Bonjour, maman." Màmá ní, "Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?" Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló sọ ọmọ ìyá kan náà di ará òkè òkun. Ògbufọ̀ jókòó sábẹ́ igi títí di ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni wọ́n wá fi sídìí tábìlì awò. Màmá yẹn wọ ti àkọ́kọ́, ó ní ó ń sọ ayé di ńlá jù. Ó wọ òmíràn, mo fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú, ó na ọwọ́ jìnnà, ó fà á súnmọ́, òwú sì gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Ó pariwo, ó gbá mi mọ́ra. Ayọ̀ yẹn, n kò ní purọ́, ó wọ̀ mí lára. Oníkámẹ́rà kò sí níbẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ìgbìmọ̀, tó ń fún ẹnì kan ní àpò ìrẹsì tí mo gbé, tó ń gbà á padà, tó tún ń fún un, nítorí pé ẹni náà kò tíì rẹ́rìn-ín bó ṣe yẹ.

Wọ́n ti ń kéde Tógò báyìí. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ mi, mo ṣe tán láti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ san owó ọkọ̀ mi bí ẹ ṣe san ti ògbufọ̀. Bí wáyà bá sì jó lọ́nà, owó rìwáyà yàtọ̀ sí ti míṣọ̀n.