Ta Ló Ń Ta Fíólà?

Ebi ló mú mi dé ìdí fíólà, kì í ṣe ìfẹ́. Fayolíìnì ni mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ àwa tá a mọ̀ ọ́n ta n'Ìbàdàn pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Olùdarí kan tó ń kó ẹgbẹ́ jọ fún ìnáwó òkú àgbà wá bi mí bóyá mo lè ta fíólà. Mo ní, "Iṣẹ́ mi nìyẹn, sà." Mi ò fọwọ́ kàn án rí.

Mo yá ọ̀kan. Okùn rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ti já, ni mo bá fi ti fayolíìnì dí i. Okùn fayolíìnì tó ga jù, E ló ń dún. Ti fíólà, A ni, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún mi? Mo ń fún un, mo ń fún un, kó ṣáà lè dún E lórí igi tó gùn ju ti fayolíìnì lọ. Ó já pàù, ó nà mí lẹ́gba létè. Ètè wú bí àkàrà. Mo sọ fún màmá onílé wa pé agbọ́n ló ta mí.

Ìwé orin ló wá pa mí kú. Nínú ìwé fíólà, ìlà àárín ni C tó wà láàárín dùùrù ń jókòó sí. Èmi ń kà á bíi ti fayolíìnì, B ni mo ń ta níbẹ̀, mo sì tún gbé e lọ sókè téńté. African Suite ti Fẹlá Ṣówándé la ń fi dánra wò, iṣẹ́ ọdún 1944 tó fi orin háílàìfù parí. Orin ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá sí i, ìjà ló ń dà.

Mo wá dọ́gbọ́n. Mo fi ọṣẹ fọ rósìnì kúrò lára irun ọrun mi. Ọrun tí kò ní rósìnì á kàn máa yọ̀ lórí okùn ni. Kò ní dún. Fayolíìnì bo fíólà lókè, sẹ́lò bò ó nísàlẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Màá dijú, màá máa mi orí. Èmi àti Bọ̀dá kan, àgbà tó ń lo awò, la jọ ń wo ìwé kan náà. Mo gbà pé ọwọ́ wọn á tó fún àwa méjèèjì. Mo tiẹ̀ ń fọ́nnu fáwọn ọmọge pé Mozart gan-an fẹ́ràn láti máa ta fíólà.

Dùgbẹ̀ la ti ń dánra wò, nínú gbọ̀ngàn kan tí Cocoa House, ilé alájà 26 ọ̀hún, ń yọjú wò lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, olùdarí fi igi ọwọ́ rẹ̀ kan tábìlì.

"Fíólà nìkan. Ẹ jẹ́ n gbọ́ yín."

Ó gbọ́wọ́ sókè. Mo wọ́ ọrun, Bọ̀dá wọ́ ọrun. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Awakọ̀ Micra kan ló dáhùn níta: "Mókọ́lá! Ó ku ẹnì kan! Mókọ́lá!"

Mo wo Bọ̀dá. Bọ̀dá wò mí.

Olùdarí ní, "Bọ̀dá, láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tọ́mọ yìí ti dé ni, sà. Mo rò pé òun ló mọ̀ ọ́n."